Orí Karùn-ún: Ọlọ́run Kan àti Àwọn Òjíṣẹ́ Rẹ̀, láti Kambolé dé Sokodé

Ilẹ̀ tí a ti ń wo ọ̀rọ̀ náà

Kambolé wà ní àárín Tógò, lábẹ́ àkóso Tchamba, kò sì jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka kan nínú èdè wa. Àwọn ará Manigri tó wà lódìkejì ààlà ni wọ́n jọ ń sọ ọ́, débi pé àwọn onímọ̀ èdè pa ìlú méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ẹni tó bá gbéra ní Kambolé tó dé Tchamba yóò bá àwọn tó ń sọ Akaselem. Bó bá tún kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní bíi kìlómítà 35, ó dé Sokodé, olú ìlú ẹkùn náà, ìlú àwọn Kótókólì. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn oníṣòwò ló gbé Ìsìláàmù débẹ̀. Ọ̀nà obì tó ti Salaga lọ sí ilẹ̀ Háúsá gba ilẹ̀ Kótókólì kọjá, ojú ọ̀nà yìí sì ni àwọn àfáà àti àwọn aláràjò dúró sí, tí wọ́n fẹ́yàwó, tí wọ́n dá ilé kéú sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin, Uro Djobo Boukari tó jọba Tchaoudjo ti di Mùsùlùmí. Ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ló dé gbẹ̀yìn. Ìjọba Jámánì, tó gba Tógò ní 1884, dí àwọn míṣọ́nnárì lọ́nà àríwá títí ó fi ku ọdún díẹ̀ kí ogun 1914 bẹ́ sílẹ̀. Ní 1937 ni Róòmù sọ Sokodé di ẹkùn míṣọ́n tó dá dúró. Ní 1955 ó di dáyósíìsì.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn nínú ìtàn kúkúrú yìí ni pé Mùsùlùmí ni onílé níhìn-ín, Kìrìsìtẹ́nì ni àlejò, yàtọ̀ sí Lomé tàbí Atakpamé. Ọmọ àfáà àti ọmọ kátíkíìsì ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní lísè Sokodé. Àwọn ìbéèrè tí orí yìí ń gbé yẹ̀ wò, wọ́n ti ń bi ara wọn kí olùkọ́ tó wọlé.

Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ń ṣe ìfiwéra yìí ní ọ̀nà kan tí n kò fara mọ́. Wọ́n á la ojú ewé sí méjì, wọ́n á fi Jésù sí apá kan, wọ́n á fi Ànábì Muhammad sí apá kejì. Bíbélì níhìn-ín, Kùránì lọ́hùn-ún. Ó rọrùn láti há sórí fún ìdánwò, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà, nítorí kì í ṣe àwọn tó dúró ní ipò kan náà nínú ẹ̀sìn méjèèjì ni wọ́n kọjú síra wọn. Èmi yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan gbà nípa Ọlọ́run àti nípa àwọn ànábì, kí a tó tún ìlà náà fà bó ṣe yẹ.

Ọlọ́run kan ṣoṣo

Ìgbàgbọ́ Mùsùlùmí dúró lórí ohun kan: Ọlọ́run jẹ́ ọ̀kan, kò ní akẹgbẹ́, kò ní orogún. Súrà kejìléláàádọ́fà nínú Kùránì, tí kò ju ẹsẹ mẹ́rin lọ, ló kó gbogbo rẹ̀ jọ, òun sì wà lára ohun tí ọmọ ilé kéú máa ń kọ́kọ́ mọ̀ lórí. Ó sọ pé Ọlọ́run jẹ́ ọ̀kan, pé òun ni gbogbo ẹ̀dá ń gbára lé, pé kò bímọ, a kò sì bí i, pé kò sí ohun tó bá a dọ́gba. Ẹni tó bá wá akẹgbẹ́ fún Ọlọ́run, tó sì kú sórí rẹ̀ láìronúpìwàdà, Kùránì sọ pé Ọlọ́run kì í forí ìyẹn jì. Àwọn àfáà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tún ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láti ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ Muhammad al-Sanusi ti ìlú Tlemcen ní Àlìjéríà, ẹni tó kú ní 1490. Ogún ìròyìn ni ìwé náà kà tó jẹ́ dandan fún Ọlọ́run: pé ó wà, pé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, pé kò ní òpin, pé kò jọ ẹ̀dá kankan, pé kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí dé agbára, ìfẹ́, ìmọ̀, ìyè, ìgbọ́ràn, ìríran àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sísọ yẹn sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Kìrìsìtẹ́nì náà gbà pé Ọlọ́run kan ló wà. Òfin Mósè fi í lélẹ̀ fún Ísírẹ́lì, nígbà tí akọ̀wé kan sì bi Jésù léèrè òfin tó ga jù, jíjẹ́ ọ̀kan Ọlọ́run yìí ló fi bẹ̀rẹ̀ èsì rẹ̀, bí Máàkù ṣe ròyìn rẹ̀. Nítorí náà, bí Mùsùlùmí Kambolé bá pe Ọlọ́run, tí Kìrìsìtẹ́nì Atakpamé náà pe Ọlọ́run, kì í ṣe ẹni méjì ni wọ́n ń pè: Ẹlẹ́dàá ọ̀run òun ayé, ẹni tó pe Ábúráhámù, ẹni tí yóò ṣèdájọ́ òkú àti alààyè. Àwọn kan wà nínú ẹ̀sìn méjèèjì tó kọ èyí, tí wọ́n ní Ọlọ́run ọ̀tọ̀ ni ti ẹnì kejì. Mo gbà pé wọ́n ṣì í. Ẹni méjì lè jọ máa bá ẹnì kan náà sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì ta kora gidigidi lórí irú ẹni tó jẹ́.

Ibi tí ọ̀nà ti yà

Ìtakora yẹn kò kéré. Kìrìsìtẹ́nì ní nínú jíjẹ́ ọ̀kan Ọlọ́run, Baba wà, Ọmọ wà, Ẹ̀mí Mímọ́ wà. Ọlọ́run kan ṣoṣo, ẹni mẹ́ta. Mẹ́talọ́kan ni wọ́n ń pè é. Ó gba àwọn baba ìjọ ní ọ̀rúndún mélòó kan kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi sọ ọ́. Ìjà tó le jù nínú rẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ló ti bẹ̀rẹ̀: Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà, sọ pé Ọlọ́run ló dá Ọmọ náà, pé ìgbà kan wà tí kò sí. Ìgbìmọ̀ Nicaea jókòó ní 325, wọ́n dá a lẹ́jọ́ pé a bí Ọmọ ni, a kò dá a, ọ̀kan náà ni òun àti Baba nínú jíjẹ́ Ọlọ́run.

Kùránì kọ̀ ọ́. Ó sọ fún àwọn oníwèé pé kí wọ́n má ṣe sọ pé mẹ́ta. Ó tún béèrè bí Ọlọ́run yóò ṣe bímọ nígbà tí kò láya. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí ìbéèrè yìí, nítorí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ọmọ ilé ìwé ti máa ń gbóná. Kò sí Kìrìsìtẹ́nì kan tó gbà pé Ọlọ́run gbéyàwó, tàbí pé ọ̀nà tí ọkùnrin fi ń bímọ ni Ọlọ́run gbà bí Jésù. Bí àfáà bá kọ ìyẹn, fádà náà yóò bá a kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ère Màríà tí Mùsùlùmí ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì: Màríà kò sí nínú Mẹ́talọ́kan, kò sì sí ìjọ ńlá kankan tó fi í síbẹ̀ rí. Àpọ́nlé ni wọ́n ń fún un, wọ́n kì í sìn ín bí Ọlọ́run.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé àṣìgbọ́ nìkan ló wà láàárín wọn, pé bí a bá ti là á yé ara wa, ìyàtọ̀ tán. Kódà bí a bá mú ọ̀rọ̀ aya kúrò pátápátá, Mùsùlùmí kò ní gbà pé a lè pe ẹnì kankan tó jẹun, tó sùn, tó sunkún, ní Ọlọ́run. Lójú rẹ̀, títóbi Ọlọ́run kò gba irú ìsúnmọ́ni bẹ́ẹ̀. Lójú Kìrìsìtẹ́nì, inú ìsúnmọ́ni yẹn gan-an ni títóbi náà ti hàn. Èrò méjì nípa ọlá Ọlọ́run nìyẹn, ọkàn kọ̀ọ̀kan sì mú un ní òótọ́.

Àwọn ànábì

Ẹ wo orúkọ àwọn ọmọ ní Kambolé: Ìbúráímà, Mùsá, Ìsá, Dáúdà, Yúsúfù, Sùlèmọ́nù, Mọ́ríámọ̀. Ẹ wo ti àwọn ọmọ Kátólíìkì ní Sokodé: Abraham, Moïse, David, Joseph, Salomon, Marie. Àwọn ènìyàn kan náà ni. Orúkọ ànábì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí kà nínú Kùránì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì wà nínú Bíbélì. Lédè wa, Mùsùlùmí sábà máa ń sọ pé ànábì, Kìrìsìtẹ́nì a sọ pé wòlíì. Nínú orí yìí, ìtumọ̀ kan náà ni mo fún méjèèjì.

Àwọn ènìyàn náà jọra, iṣẹ́ tí a rò pé wọ́n ṣe ló yàtọ̀. Lójú Mùsùlùmí, iṣẹ́ kan náà ni Ọlọ́run fi rán gbogbo wọn láti orí Ádámù: ẹ sin Ọlọ́run nìkan, ẹ bẹ̀rù ọjọ́ ìdájọ́. Èdè àti òfin lè yàtọ̀, kókó kò yí. Ọlọ́run sọ ìwé kalẹ̀ fún àwọn kan, Taoréètà fún Mùsá, Sàbúrà fún Dáúdà, Ìnjílà fún Ìsá, kó tó wá sọ Kùránì kalẹ̀ fún Muhammad. Níwọ̀n bí wọ́n ti jẹ́ ẹni tí a fi iṣẹ́ rán, al-Sanusi ní ó di dandan kí wọ́n jẹ́ olódodo, kí wọ́n jẹ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, kí wọ́n sì jíṣẹ́ náà láìbu nǹkan kan mọ́lẹ̀. Àìsàn lè ṣe wọ́n, ebi lè pa wọ́n, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣọ́ wọn kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀.

Ojú tí Bíbélì fi ń wo àwọn wòlíì rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Jónà sá fún iṣẹ́ tí a rán an. Jeremáyà bú ọjọ́ tí a bí i. Dáfídì gba aya aláya, ó sì ṣètò kí ọkọ obìnrin náà kú lójú ogun. Mùsùlùmí tó bá kọ́kọ́ ka ìtàn Dáfídì yìí máa ń bínú lóòótọ́, ó máa ń rò pé wọ́n ba ìwé náà jẹ́, nítorí ànábì kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì á dáhùn pé ìdí tí a fi kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn: pé Ọlọ́run nìkan ni mímọ́, pé ẹ̀ṣẹ̀ kan kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, àfi Jésù. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí, ọ̀rọ̀ Dáfídì ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pẹ́ jù. Ohun tí Mùsùlùmí ń béèrè lọ́wọ́ ànábì, ìyẹn ìgbésí ayé tí a lè tẹ̀ lé láìkọsẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wòlíì kankan, nítorí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ti ń wá a.

Ọjọ́ Tabáskì, ìyẹn ọdún Iléyá, ń fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn. Nígbà tí àgbò bá wà nílẹ̀ ní àgbàlá kọ̀ọ̀kan ní Sokodé, ìtàn Ábúráhámù àti ọmọ tó fẹ́ fi rúbọ ni wọ́n ń rántí. Bíbélì ní Ísáákì ni ọmọ náà. Kùránì kò dárúkọ rẹ̀ níbi tó ti sọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n Ìsìmáìlà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ onímọ̀ Mùsùlùmí sọ pé ó jẹ́. Mùsùlùmí rí ìgbọ́ràn nínú rẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì rí ìgbọ́ràn náà, ó tún rí òjìji Baba tí kò dá Ọmọ tirẹ̀ sí.

Ìsá ọmọ Mọ́ríámọ̀

Kò sí ẹni tí ẹ̀sìn méjèèjì jọ ń pọ́n lé tó ẹni yìí, kò sì sí ẹni tí wọ́n yapa lé lórí tó o. Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Kùránì dárúkọ Ìsá. Ìyá rẹ̀ nìkan ni obìnrin tí Kùránì dárúkọ, súrà kọkàndínlógún sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí gbà pé wúńdíá ló bí i, pé ó la ojú afọ́jú, pé ó jí òkú pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́run, pé òun ni Mèsáyà, pé yóò padà wá kí ayé tó parí. Ìtàn Mùsùlùmí sọ pé ní nǹkan bí ọdún 615, nígbà tí ìyà àwọn ará Mẹ́kà pọ̀ lápọ̀jù, ọ̀dọ̀ ọba Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Habáṣà ni àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ sá lọ, àti pé ìbẹ̀rẹ̀ súrà Mọ́ríámọ̀ ni Jáfárù, ọ̀kan nínú wọn, ké sí ọba náà létí tí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà wa ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀.

Orí àgbélébùú ni wọ́n ti pínyà. Kùránì sọ pé wọn kò pa á, wọn kò kàn án mọ́gi, ṣùgbọ́n ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú wọn, Ọlọ́run sì gbé e sókè sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Fún Mùsùlùmí, Ọlọ́run kò fi òjíṣẹ́ rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Fún Kìrìsìtẹ́nì, bí kò bá sí ikú yẹn àti àjíǹde tó tẹ̀ lé e, kò sí ìgbàlà, kò sì sí ẹ̀sìn.

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run

Ó ti tó àkókò láti tún ìlà wa fà. Wilfred Cantwell Smith, ọ̀mọ̀wé ará Kánádà, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó bá fi Muhammad wé Jésù, tó sì fi Kùránì wé Bíbélì, kò tíì mú èyí tó bára mu. Ohun tí Mùsùlùmí ń pè ní Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó sọ̀kalẹ̀ wá sáyé ni Kùránì. Ohun tí Kìrìsìtẹ́nì ń pè bẹ́ẹ̀, Jésù ni, gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ Ìhìn Rere Jòhánù ṣe fi í lélẹ̀. Kùránì ló yẹ kó kọjú sí Jésù, kì í ṣe Muhammad. Seyyed Hossein Nasr, onímọ̀ Mùsùlùmí tó wá láti Ìráànì, tilẹ̀ fi Muhammad sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màríà: Kùránì wá láti ẹnu ẹni tí kò mọ̀wé, Jésù wá láti inú ẹni tí kò mọ ọkùnrin.

Ẹ wọ ilé kéú kan kí ẹ wò ó. Ọmọ gbé wàláà lé orí itan, ó ki kálàmù bọ tàdáà, ó ń kọ ọ́, ó sì ń ké e títí yóò fi há a. Nígbà tó bá ti há, wọ́n á fọ wàláà náà. Níbi púpọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọn kì í da omi rẹ̀ nù sí ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Wọ́n ń mu ún. Hàntú ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí kan kò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n àṣà náà ti pẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ní kàtídírà Sokodé, àwọn Kátólíìkì tò lọ síwájú pẹpẹ, fádà fi àkàrà pẹlẹbẹ kékeré lé wọn lọ́wọ́ tàbí lé wọn lórí ahọ́n, ó ní Ara Kristi ni, wọ́n ní Àmín. Àwọn méjèèjì fẹ́ kí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wọ inú wọn lọ. Ohun tí Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni wọn kò fẹnu kò lé lórí.

Bí a bá mú ìfiwéra yìí, ohun kan nínú ìtàn yóò wá yéni. Ìbéèrè tí wọ́n bi ní Nicaea ní 325, wọ́n tún un bi ní Bàgídáádì ní 833. Kálífà al-Mamun fẹ́ fipá mú àwọn onímọ̀ láti gbà pé Ọlọ́run dá Kùránì bó ṣe dá ohun gbogbo. Ahmad ibn Hanbal kọ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, wọ́n sì nà án lẹ́gba lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tó dúró lé lórí ni àwọn Mùsùlùmí Súnnì gbà títí dòní: ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ sísọ fi wà lára ogún ìròyìn tí al-Sanusi kà. Kìrìsìtẹ́nì tó bá mọ Arius yóò mọ ohun tó ń ja ibn Hanbal lọ́kàn. Mùsùlùmí tó bá mọ ibn Hanbal lè lóye ìdí tí ìjọ fi kọ Arius, bí kò tilẹ̀ fara mọ́ ìdáhùn wọn.

Ṣé ìsọtẹ́lẹ̀ ti parí?

Fún Mùsùlùmí, ó ti parí. Muhammad ni èdìdì àwọn ànábì, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Mirza Ghulam Ahmad ti Qadian ní Íńdíà, tó kú ní 1908, ní òun jẹ́ irú ànábì kan tó wà lábẹ́ Muhammad, ọ̀pọ̀ jù lọ Mùsùlùmí ayé kọ òun àti àwọn Amadíyà tó tẹ̀ lé e.

Ìdáhùn Kìrìsìtẹ́nì kò ṣe tààrà bẹ́ẹ̀. Ìfihàn ti pé nínú Jésù, gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù ka ìsọtẹ́lẹ̀ mọ́ ẹ̀bùn Ẹ̀mí. Lórí èyí ni àwọn ìjọ Aládùúrà dúró: Moses Orimolade ní Èkó ní 1925, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà ní 1930, àti Samuel Oshoffa, tí wọ́n bí ní Porto-Novo ní 1909, tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run sílẹ̀ ní 1947. Wòlíì aláṣọ funfun tó ń ríran ní Tógò lónìí kò sọ pé òun mú ìwé tuntun wá. Mùsùlùmí tó bá gbọ́ orúkọ wòlíì lára rẹ̀ tó sì gbọ̀n rìrì, Mósè ló ń rò. Èyí tí Kìrìsìtẹ́nì fi ń pè é bẹ́ẹ̀ kéré sí ìyẹn gan-an.

Ti Muhammad ńkọ́? Mùsùlùmí ní Mùsá àti Ìsá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: wòlíì tí Diutarónómì orí 18 ṣèlérí, àti Olùtùnú inú Ìhìn Rere Jòhánù. Kìrìsìtẹ́nì ka àkọ́kọ́ sí Jésù, ó ka èkejì sí Ẹ̀mí Mímọ́. Ìbéèrè nípa Muhammad yìí ló le jù lọ fún Kìrìsìtẹ́nì, nítorí Mùsùlùmí gba Ìsá ní ànábì, ó sì ń retí ohun kan padà. Ní nǹkan bí 781, Kálífà al-Mahdi bi Timothy, olórí ìjọ ìlà-oòrùn ní Bàgídáádì, léèrè èrò rẹ̀ nípa Muhammad. Ó dáhùn pé ọ̀nà àwọn wòlíì ni Muhammad rìn, nítorí ó yí àwọn ènìyàn kúrò lẹ́yìn òrìṣà sọ́dọ̀ Ọlọ́run kan. Ní 1872, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà níwájú Ẹ́míà Ìlọrin, àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi í, inú Bíbélì Yorùbá ló ti ń ka ìdáhùn sí wọn létí. Ó jẹ́ kí ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, nínú ìwé tó gbé jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 1965, fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ nípa Mùsùlùmí tó ń sin Ọlọ́run kan, tó ń pọ́n Jésù àti Màríà lé, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Muhammad níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1985, Póòpù John Paul Kejì bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ ní Tógò, ó parí rẹ̀ ní Casablanca ní ọjọ́ 19, níbi tó ti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí pé Ọlọ́run kan náà ni àwọn jọ gbà gbọ́. Ní 2007, onímọ̀ Mùsùlùmí 138 kọ lẹ́tà sí àwọn olórí Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n gbé e lé ìfẹ́ Ọlọ́run àti ìfẹ́ aládùúgbò.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Bi àgbàlagbà Mùsùlùmí kan àti àgbàlagbà Kìrìsìtẹ́nì kan ní àdúgbò rẹ nípa ìtàn Ábúráhámù àti ọmọ rẹ̀. Kọ ohun tí kálukú sọ bó ṣe sọ ọ́, kí o tó fi Bíbélì àti Kùránì wò ó.

2. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Tchamba sọ pé Kìrìsìtẹ́nì ń sin Ọlọ́run mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fèsì pé Mùsùlùmí ń sin Muhammad. Dáhùn fún àwọn méjèèjì.

3. Ṣàlàyé ìdí tí ìtàn Dáfídì fi ń bí Mùsùlùmí nínú, tí kò sì ba ìgbàgbọ́ Kìrìsìtẹ́nì jẹ́.

4. Kí ni Arius àti al-Mamun jọ sọ nípa Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run? Níbo ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti yàtọ̀?